Alága Tó Jáde Kí Ọ̀kẹ́rẹ́ Lè Borí Erin

Kí n tó sọ bí Alága ṣe ṣubú, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bó ṣe máa ń jókòó, nítorí ìjókòó ọkùnrin yìí nìkan tó ìtàn.

Alága Ìgbìmọ̀ Eré Ìdárayá ni. Ìgbìmọ̀ náà kò tóbi, ṣùgbọ́n orúkọ oyè tó ní kí wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀ gùn débi pé ara ògiri ni wọ́n parí rẹ̀ sí. Nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù básíkẹ́ẹ̀tì, orí bẹ́ǹṣì onípákó ni gbogbo ènìyàn ń jókòó sí, àfi òun. Òun ní àga tirẹ̀, àga pupa onítìmùtìmù tí ẹ̀yìn rẹ̀ ga bí ilẹ̀kùn. Ọkùnrin mẹ́rin ló ń gbé e wọlé ṣáájú rẹ̀, etí pápá gan-an ni wọ́n sì ń gbé e kalẹ̀ sí. Àwọn tí ìjókòó wọn bá bọ́ sẹ́yìn àga yìí kì í rí nǹkan kan. Etí ni wọ́n fi ń wo bọ́ọ̀lù. Bí wọ́n bá gbọ́ "gbì," wọ́n mọ̀ pé ó nalẹ̀, bí wọ́n bá gbọ́ "háà," wọn á bi ará iwájú pé, "Ẹ jọ̀ọ́, háà tiwa ni àbí tiwọn?"

Èyí kéré. Alága tún ṣe òfin àpatẹ́wọ́. Ó ní àwọn ènìyàn tó lajú kì í pàtẹ́wọ́ bó ṣe wù wọ́n. Áńkáṣíìfù funfun kan wà nínú àpò rẹ̀. Bó bá gbé e sókè, kí gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Bó bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí kẹ́kẹ́ pa. Ẹni tó bá pàtẹ́wọ́ láìrí áńkáṣíìfù, Bàbá Aṣọ́lẹ̀kùn á fà á jáde. Ohun tó bà á jẹ́ ni pé Alága máa ń tòògbé. Ẹgbẹ́ wa, Ẹgbẹ́ Ọ̀kẹ́rẹ́, lè ju bọ́ọ̀lù sínú agbọ̀n lọ́nà tó dùn ún wò, kí gbogbo ènìyàn sì dákẹ́ bí ẹni tó ń retí èsì ìdánwò. Lẹ́yìn náà, nígbà tí àwọn ọ̀tá bá já bọ́ọ̀lù gbà lọ́wọ́ wa, Alága á ta jí, á gbé áńkáṣíìfù sókè, gbogbo wa á sì pàtẹ́wọ́ fún ìyà tó ń jẹ wá.

Ẹ má rẹ́rìn-ín tán síbí o. Ẹ̀rín ṣì pọ̀ níwájú.

Kóòṣì Ẹgbẹ́ Ọ̀kẹ́rẹ́, àbúrò Alága ni, ọmọ ìyá kan náà. Obìnrin náà ti ní ọmọ ní yunifásítì, ṣùgbọ́n "ọmọdé yìí" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń pè é. Òun ló fi sùúrù kọ́ àwọn ọmọ kúkúrú kúkúrú tí ẹgbẹ́ mìíràn kò fẹ́, títí wọ́n fi dé ìdíje àṣekágbá fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹgbẹ́ Erin, tó ń gba ife lọ́dọọdún bí ẹni ń gba owó oṣù, ni wọ́n máa bá figagbága. Ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ na ẹnìkejì lẹ́ẹ̀mẹrin ló ni ife. Gbogbo ènìyàn ló sì gbà pé Erin á na Ọ̀kẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, á sì tún béèrè bóyá ó kù.

Ní ọ̀sán ọjọ́ eré àkọ́kọ́, àwọn ọmọ wa ti sáré, wọ́n ti fò, ara wọn ti gbóná dáadáa. Ìgbà yẹn ni Alága gba gbohùngbohùn.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi!" ó bẹ̀rẹ̀, "ẹ̀yin tí mo bí àti ẹ̀yin tí n kò ráyè bí! Kí n tó dé ipò yìí, kí lẹ ní? Ta ló mọ̀ pé bọ́ọ̀lù rí róbótó?"

"Ẹ̀yin ni, sà!" Akọ̀wé rẹ̀ dáhùn. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni Akọ̀wé yìí, orí mímì sì ti mọ́ ọn lára débi pé ó ń mì í lójú oorun.

"Òrùlé tó wà lórí yín yìí, ta ni kò jẹ́ kó já?"

"Ẹ̀yin ni, sà!"

"Ọ̀kẹ́rẹ́ tó ń fò lórí igi, ta ló kọ́ ọ?"

Akọ̀wé ronú díẹ̀. "Ẹ̀yin ni, sà."

"Kóòṣì tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí, nígbà tó wà lọ́mọdé, ta ló yọ ìdí garawa, tó kàn án mọ́ ògiri ẹ̀yìnkùlé ìyá wa kó lè rí ibi ju bọ́ọ̀lù sí?"

"Ẹ̀yin ni, sà!"

Òótọ́ kan ṣoṣo tó sọ lọ́jọ́ náà nìyẹn, òun náà kò sì mọ̀ pé ó yàtọ̀ sí ìyókù. Ó sọ̀rọ̀ títí àwọn ọmọ wa fi jókòó sílẹ̀, tí wọ́n tún wọ súwẹ́tà. Ẹgbẹ́ Erin kò gbọ́ èdè tó ń sọ, nítorí náà ìta ni wọ́n lọ, wọ́n ń sáré káàkiri.

"Ẹ̀gbọ́n mi," Kóòṣì sọ jẹ́jẹ́, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀. Ara àwọn ọmọ ti tutù."

Alága yí sí i, ó sì sọ ọ́ sínú gbohùngbohùn kí gbogbo ayé lè gbọ́. "Ọmọdé yìí, bẹ́ ẹ bá fìdí rẹmi lónìí, fèrè tó wà lọ́rùn ẹ yẹn, orí tábìlì mi ni kó sùn. Mo ti rí ẹlòmíì tó máa ṣiṣẹ́ náà."

Ó gbé áńkáṣíìfù sókè. A pàtẹ́wọ́. Kí la fẹ́ ṣe?

Eré bẹ̀rẹ̀, ojú sì ti wa. Erin ju bọ́ọ̀lù, ó wọlé. Ọ̀kẹ́rẹ́ jù ú, ó kan irin. Nígbà tí tiwa bá tiẹ̀ wọlé, Alága ń hanrun, gbọ̀ngàn á dákẹ́ rọ́rọ́. Nígbà tí ìsinmi ìdajì eré fi dé, àmì méjìlélógún ni wọ́n fi jù wá lọ. Alága jí, ó wo pátákó, ó sì dìde bí ọba tí wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ aṣọ rẹ̀.

"N kò lè jókòó ti ìtìjú," ó wí. "Akọ̀wé, ó di ilé iṣẹ́ rédíò. Mo fẹ́ bá àwọn ènìyàn mi kẹ́dùn."

Ó jáde. Ọkùnrin mẹ́rin náà gbé àga tẹ̀ lé e.

Ẹ ò rí nǹkan. Àwọn tó wà lẹ́yìn àga rí pápá fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé wọn. Màmá arúgbó kan tó ti ń wá láti ọdún mélòó kan dìde dúró, ó di àyà mú. "Háà! Ṣé bí wọ́n ṣe ga tó nìyí?"

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé nǹkan kan nípa àwọn olólùfẹ́ Ọ̀kẹ́rẹ́. Rédíò kékeré létí ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń wo bọ́ọ̀lù. Ojú wọn á wà lórí pápá, etí wọn á wà lọ́dọ̀ Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó ń ròyìn eré lórí rédíò, nítorí wọn kò gbà pé bọ́ọ̀lù wọlé àyàfi tí Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bá sọ pé ó wọlé. Nítorí náà, nígbà tí Alága dé ilé iṣẹ́ rédíò, tó ní kí wọ́n pa ìròyìn eré kí òun lè sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ló dún láti inú gbogbo rédíò tó wà ní gbọ̀ngàn.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," rédíò wí, "ẹ nu omijé yín nù. Ọ̀kẹ́rẹ́ ti kú."

Lórí pápá, ọmọ wa kan já bọ́ọ̀lù gbà, ó sáré, ó jù ú. Ó wọlé. Kò sí áńkáṣíìfù. Àwọn ènìyàn wo ara wọn. Télọ̀ kan tó jókòó ní ìlà kejì, ọkùnrin tí kì í pariwo bí abẹ́rẹ́ bá gún un, fi ìka méjì sẹ́nu ó sì súfèé tó fẹ́ẹ̀ já òrùlé. Ibẹ̀ ni gbogbo nǹkan ti bẹ̀rẹ̀.

"Mo kí Ẹgbẹ́ Erin kú oríire," rédíò ń bá a lọ. "Ìyà tẹ́ ẹ fi jẹ wá, ó tọ́ sí wa."

Ó wọlé!

"Àwọn olólùfẹ́ wa ti lọ sílé. Gbọ̀ngàn ti ṣófo. Mo fojú ara mi rí omijé wọn."

"Irọ́ ni!" gbogbo gbọ̀ngàn pariwo mọ́ rédíò. Ó wọlé! Nígbà yìí ariwo ti pọ̀ débi pé àwọn Erin kò gbọ́ ohun tí kóòṣì tiwọn ń wí, ọ̀kan nínú wọn sì ju bọ́ọ̀lù fún rẹfirí.

Tọkọtaya kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń ṣe búrẹ́dì. Ọkọ fẹ́ pa rédíò, ìyàwó fẹ́ yí i sókè.

"Pa ọkùnrin yẹn lẹ́nu mọ́ fún mi!"

"Mi ò pa á! Ẹ ò rí i pé gbogbo ìgbà tó bá ti bú wa ló ń wọlé?"

Wọ́n jà, wọ́n fa rédíò mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ẹnì kankan nínú wọn kò sì gbé ojú kúrò lórí pápá.

"Ní ti kóòṣì," rédíò wí, "àbúrò mi ni, ṣùgbọ́n n kò mojú. Láti ìṣẹ́jú yìí lọ, mo ti yọ ọ́ níṣẹ́!"

Kóòṣì kò gbọ́. Ó ń fi ọwọ́ júwe fún ọmọ tó kéré jù nínú ẹgbẹ́, tí wọ́n ń pè ní Bíńtín, pé kó sún sí ẹ̀gbẹ́. Ó ku àmì kan ká bá wọn dọ́gba, ó sì ku kí rẹfirí fọn fèrè. Bíńtín gba bọ́ọ̀lù ní òkèèrè, níbi tí jíjù tó bá wọlé ti ń jẹ́ àmì mẹ́ta. Ó jù ú. Bọ́ọ̀lù bà sórí irin, ó yí po, ó tún yí po, ó dúró bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé, ó sì bọ́ sínú agbọ̀n.

N kò lè ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà tán. Télọ̀ fi ẹnu ko Bàbá Aṣọ́lẹ̀kùn lẹ́nu. Màmá arúgbó fò sórí bẹ́ǹṣì, ó di dandan kí wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó tó sọ̀kalẹ̀. Ẹnìkan sọ bàtà rẹ̀ sókè, bàtà ẹlòmíràn ló sì gbé lọ sílé. Inú wa dùn débi tí ara ń ta wá.

Nínú rédíò, a gbọ́ ohùn Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó ń wárìrì. "Alága, ẹ forí jì mí, wọ́n ní... wọ́n ní Ọ̀kẹ́rẹ́ ti borí."

Rédíò dákẹ́. Ó dákẹ́ pẹ́ débi pé àwọn kan gbọn tiwọn wò. Lẹ́yìn náà Alága wú ikọ́.

"Gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń sọ látàárọ̀," ó wí, "a ti borí. Mo mọ̀ọ́mọ̀ jáde ni! Iyì mi tóbi ju gbọ̀ngàn kan lọ. Mo ní kí n jáde, kí ìṣẹ́gun lè ríbi wọlé. Gbogbo ọ̀rọ̀ burúkú tí mo sọ, ọgbọ́n ogun ni."

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, torí òun ló kó bá a.

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo wa kún àgbàlá ìgbìmọ̀. A kò wá dúpẹ́, a wá ṣèwádìí ni. Olólùfẹ́ Ọ̀kẹ́rẹ́ gbà pé bí ẹgbẹ́ bá borí, gbogbo ohun tí oníkálukú ṣe lọ́jọ́ náà ló gbọ́dọ̀ tún ṣe, láìyọ ọ̀kan. Télọ̀ ti jókòó lórí ẹsẹ̀ òsì; orí ẹsẹ̀ òsì ni yóò tún jókòó. Oníṣègùn eyín kan wà ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nígbà tí Bíńtín ju bọ́ọ̀lù ìkẹyìn. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó padà síbẹ̀, ó gbà, omi bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n pe àwọn oníbúrẹ́dì síwájú.

"Ẹ gbọ́dọ̀ tún jà o," Télọ̀ wí.

"A ti parí ìjà," ìyàwó wí. "Inú wa ti dùn síra wa."

"Ẹ wá nǹkan kan jà lé! Ṣé ẹ fẹ́ ká fìdí rẹmi ni?"

Kóòṣì na ọwọ́ sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ẹsẹ̀ òsì, kì í ṣe ìjà. Ẹ pariwo, orí àwọn ọmọ wú. Ara wọn gbóná. Ẹ̀yin náà rí pápá. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Gbogbo wa wò ó tàánútàánú, bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa bọ́ọ̀lù.

Alága já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀. Inú àga pupa ló jókòó sí, ó ti fi ìwé ọ̀rọ̀ tuntun tó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ há abíyá. "Ní ọjọ́ eré kejì," ó wí, "n óò kọ́kọ́ bá yín sọ̀rọ̀ nípa ìgbà èwe mi."

Télọ̀ dọ̀bálẹ̀. "Alága, kí ẹ̀mí yín gùn. Ìta lẹ máa wà, sà."

"Ìta wo?"

"Ìta gbọ̀ngàn, sà. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́. Ẹ ní jíjáde yín ló jẹ́ kí ìṣẹ́gun wọlé. Bẹ́ ẹ bá tún wọlé, ibo ni ìṣẹ́gun máa gbà?"

Alága yínmú. "N kò jáde fún ẹnikẹ́ni!"

"Àbí irọ́ lẹ pa lórí rédíò, sà?" Màmá arúgbó ló béèrè bẹ́ẹ̀, tìfẹ́tìfẹ́, ó sì tẹ́tí kó lè gbọ́ èsì.

Alága wo ọ̀tún, ó wo òsì. Bó bá ní irọ́ ni, a jẹ́ pé ó sá fi ẹgbẹ́ sílẹ̀; bó bá ní òótọ́ ni, ìta ń dúró dè é. Akọ̀wé rẹ̀, tí kò lè rí ọ̀gá rẹ̀ nínú ìṣòro kó má yìn ín, dáhùn ketekete.

"Alága kì í purọ́!"

Wàhálà dé. Alága wo Akọ̀wé bí ẹni tó fẹ́ fi eyín fà á ya. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n kò tíì tán nínú rẹ̀.

"Ó dáa," ó wí. "N óò wà níta. Ṣùgbọ́n bí Ọ̀kẹ́rẹ́ bá fìdí rẹmi, èmi, àga mi àti áńkáṣíìfù mi padà sáyè wa, ọmọdé yìí á sì gbé fèrè kalẹ̀ kó máa lọ sílé."

"Bí wọ́n bá borí ńkọ́?" Télọ̀ béèrè.

Alága bú sẹ́rìn-ín. "Bí wọ́n bá borí, kó dúró sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, kí èmi wà níta títí ayé!"

A pàtẹ́wọ́. Kò sí ẹni tó wo áńkáṣíìfù.

Báyìí ni ọ̀sán eré kejì ṣe bá Alága nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, lórí àga pupa, tó dojú kọ ilẹ̀kùn tí wọ́n tì. Òun nìkan ni. Akọ̀wé ti wà nínú, nítòsí Kóòṣì, ó ń sọ pé, "Ẹ̀yin ni, mà!" Kóòṣì sì ti bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kó yéé sọ ọ́. Bàbá Aṣọ́lẹ̀kùn ló yọjú sí àlàfo ilẹ̀kùn, tó ń ròyìn.

"Erin ti fi mẹ́jọ ṣíwájú, sà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," Alága wí, ó na ẹsẹ̀.

"Ó ti ku mẹ́rin, sà."

"Ta ló jù ú?"

"Bíńtín ni, sà."

"Láti ibo?"

"Láti ẹ̀gbẹ́, sà."

"Láti ẹ̀gbẹ́ kẹ̀!" Alága ti sún sí etí àga. Nígbà tó yá, kò jókòó mọ́. Ó ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ká ọwọ́ lérí. "Kí ló dé tí wọn ò jù ú fún Bíńtín? Sọ fún wọn kí wọ́n jù ú fún Bíńtín!"

"Ìta lẹ wà, sà."

"Mo mọ̀ pé ìta ni mo wà!"

Nígbà tí eré fẹ́ parí, wọ́n dọ́gba. Bàbá Aṣọ́lẹ̀kùn kò lè fara dà á mọ́. Ó wọlé lọ, ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ láìtì.

Alága wo ilẹ̀kùn náà. Ó tì í díẹ̀. Ó ki orí bọ̀ ọ́.

Wọ́n ti gbá Bíńtín lọ́wọ́, rẹfirí sì fún un ní jíjù méjì láti ojú ìlà, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè dí i lọ́wọ́. Gbogbo gbọ̀ngàn ń pariwo orúkọ rẹ̀. Ẹnìkan rí orí Alága lẹ́nu ọ̀nà, ẹlòmíràn rí i, àṣà àtijọ́ sì gbé wọn: kẹ́kẹ́ pa. Bíńtín yíjú wo ohun tó dé. Ó jù ú. Ó kan irin.

Gbogbo ojú wà lára Alága. Ó rí àyè tí àga rẹ̀ máa ń wà, ó rí Màmá arúgbó tó jókòó síbẹ̀ tó di rédíò mọ́ àyà. Kò ju kó dúró síbi tó dúró sí lọ. Bó bá dúró, jíjù kejì á kan irin bíi ti àkọ́kọ́, àwọn Erin á sì ráyè pa wá. Ohun gbogbo á padà sọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo àbúrò rẹ̀. Obìnrin náà kò bẹ̀ ẹ́, kò fajú ro sí i. Ó kàn ń wò ó bó ṣe máa ń wò ó nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, tó bá fẹ́ ju bọ́ọ̀lù sínú garawa, tó sì fẹ́ kó sún kúrò lọ́nà.

Alága fa orí rẹ̀ jáde. Ó fa ilẹ̀kùn dé gbàgà, ó fi ọwọ́ méjèèjì di irin rẹ̀ mú, ó sì di ojú. "Ó máa wọlé," ó ń wí. "Ọlọ́run, jẹ́ kó wọlé."

Nínú gbọ̀ngàn, ariwo tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀kùn náà gbọ̀n bí ẹni pé ilé fẹ́ wó.

Alága fò! Pẹ̀lú gbogbo ara rẹ̀ yẹn, ó fò, ọwọ́ kan sì wà lára ilẹ̀kùn. Ó fa áńkáṣíìfù yọ, ó ń jù ú sókè nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí kò sí ẹnikẹ́ni, ó ń kígbe, "Bíńtín! Bíńtín!" títí ohùn rẹ̀ fi há. Àwọn tó wà nínú ń ti ilẹ̀kùn, òun sì dì í mú gírígírí.

"Ẹ jẹ́ ká jáde, sà!"

"Ṣé ó ti parí? Ẹ búra!"

"Ó ti parí! A ti borí!"

Ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Àwọn ènìyàn tú jáde gììrì, wọ́n ń fò, wọ́n ń jó kọjá lára rẹ̀. Àwọn oníbúrẹ́dì ṣì ń jà, ẹ̀rín sì ti gba ẹnu wọn. Kóòṣì ló jáde gbẹ̀yìn, fèrè rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn. Ó dúró níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó kúnlẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó wí, "ẹ ṣé tí ẹ kò wọlé."

Gbogbo ìyìn tí wọ́n ti ń da lé ọkùnrin yìí lórí láti ọjọ́ pípẹ́ wá, ẹ kà á tán, èyí nìkan ló ṣiṣẹ́ fún. Ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀ gígùn, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn ti há.

"Ìgbà wo la tún ń gbá?" ó béèrè. "Kí n tètè wá jókòó síta."